Ṣé kí o mú kọ́ọ̀sì ìmọ̀ ẹ̀dá èdè? Bí mo ṣe rí i rèé

Àbúrò mi, o ní ẹ̀ka ìròyìn lo wà, ọdún àkọ́kọ́, pé àwọn ọmọ họ́sítẹ́ẹ̀lì rẹ ní kí o fi ìmọ̀ ẹ̀dá èdè (linguistics) kún kọ́ọ̀sì rẹ torí pé ọmọ Yorùbá ni ẹ́, kò lè le fún ẹ. Mo ṣe kọ́ọ̀sì yẹn, òógùn ni mo sì fi yege. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ yẹn gan-an ló ń kó èèyàn sí wàhálà.

Ìbéèrè lórí Yorùbá ló gbé àwa tí à ń pe ara wa ní ọmọ onílé ṣubú. Wọ́n ní kí á sọ iye fáwẹ̀lì àránmúpè, ìyẹn èyí tí èémí ń gba imú àti ẹnu jáde bí a bá ń pè é, tó wà nínú Yorùbá. Kíá, ọ̀pọ̀ wa ti ka in, ẹn, an, ọn, un, a kọ márùn-ún. Lẹ́tà la kà, a ò ka ìró. Pe "ẹ̀gbọ́n", kí o pe "ìtàn", kí o fetí sí ìparí wọn: lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa, ìró kan náà ni. Àkọtọ́ ló ní kí á kọ ọ́ ní ọn lẹ́yìn b, f, gb, p àti w, tí ètè ń bá wa pè, kí á kọ ọ́ ní an níbòmíràn. Ọmọ Tiv kan tí kò gbọ́ "ẹ káàárọ̀" ló gbà á. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló wò, kò sí àkọ́sórí kankan tó ń dí i lójú.

Apá ìró ẹnu ni mo gbádùn jù. Mú bébà fẹ́lẹ́ síwájú ètè rẹ, kí o pe "pin" bí àwọn ará London ṣe ń pè é: bébà á mì. Pe "spin": bóyá ni yóò mira. Wàyí o, pe "pápá" ti Yorùbá, kí o kíyè sí ẹ̀yìn ahọ́n rẹ. Òun àti ètè ló jọ ń sé èémí mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ ìró fi ń fi àmì k àti p kọ ọ́ pọ̀. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá rò pé orí mi ti dàrú.

Gbólóhùn ni wọ́n á gbé dé lẹ́yìn náà, Chomsky, onímọ̀ ẹ̀dá èdè ará Amẹ́ríkà, àti àwòrán bí igi tó dorí kodò tí wọ́n fi ń ṣàfihàn bí ọ̀rọ̀ ṣe so pọ̀ di gbólóhùn. Ibẹ̀ sú mi, mi ò ní purọ́ fún ẹ.

Bí o bá ń wá Gẹ̀ẹ́sì tó dán mọ́rán fún iṣẹ́ ìròyìn, gba ibòmíràn lọ. Wọn kì í bá ẹnikẹ́ni wí níbẹ̀ pé ó ṣi èdè sọ. Bí èèyàn ṣe sọ ọ́ ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Iṣẹ́ ṣíṣe wà ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kò sì ṣe é há sórí ní òru ìdánwò.

Dán èyí wò kí o tó forúkọ sílẹ̀. Ní Swahili, "ninasoma" ni mo ń kàwé, "unasoma" ni o ń kàwé, "nilisoma" ni mo kàwé, "tutasoma" ni a máa kàwé. Báwo ni wọ́n ṣe máa sọ pé o máa kàwé? A kàwé ńkọ́? Bí ó bá ń yún ẹ lọ́wọ́ láti gé wọn sí wẹ́wẹ́, mú kọ́ọ̀sì náà. Bí o bá kàn ń wá ẹni tó máa sọ ìdáhùn fún ẹ, má dá ara rẹ lágara.

Kí ìforúkọsílẹ̀ tó parí, lọ jókòó sí kíláàsì wọn. Má fi ti ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣe o, orúkọ ìwé nìkan ni wọ́n máa ń kà lọ́jọ́ yẹn. Dúró di ìgbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í yanjú iṣẹ́ sójú pátákó.