Ògiri ẹ̀yìn wọ́dúróòbù mi ti bu

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Láti ìgbà tí òjò ńlá ti ń rọ̀ ní Múṣín níbí, nǹkan dúdú ti bo ògiri ẹ̀yìn wọ́dúróòbù mi, aṣọ òkè ìgbéyàwó mi sì ń rùn. Lánlọ́ọ̀dù ní kí n kàn kùn ún lọ́dà. Ṣé á lọ?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, kò ní lọ. Èmi náà kùn ún rí; kò pé oṣù méjì tí ọ̀dà fi ń ṣí bí èèpo iṣu sísè. Wá ibi tí omi ń gbà wọlé ná: páànù tó lu ni, àbí gọ́tà tó dí? Lánlọ́ọ̀dù ló yẹ kó tún ìyẹn ṣe, ya fọ́tò rẹ̀ sí i.

Lẹ́yìn náà, bo imú, fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ògiri, kó gbẹ dáadáa. Bí o bá máa lo bílíìṣì, ṣí fèrèsé, má sì pò ó mọ́ ásíìdì ìfọṣáláńgá rárá. Èéfín rẹ̀ lè pa èèyàn. Fa wọ́dúróòbù kúrò lára ògiri díẹ̀, kí atẹ́gùn ráyè kọjá.

Aṣọ òkè ńkọ́? Má rì í sómi o! Sá a síbi tí atẹ́gùn wà, tó bá gbẹ, gbọ̀n ọ́n níta.