Má tíì sanwó àpò páráṣúùtù yẹn: ohun tí páráṣúùtù 150 fojú mi rí

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè rẹ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èsì. O ní o ti fi páráṣúùtù fò ní ìgbà 62, o ti gba láísẹ́ǹsì B, ẹnì kan ní pápá ìfò yín sì fẹ́ ta àpò páráṣúùtù rẹ̀ fún ọ tòun ti aṣọ abìyẹ́ (wingsuit, aṣọ tó ní ìyẹ́ bíi ti ẹyẹ), ó di gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú owó kan. O wá ń béèrè bóyá owó ọ̀hún mọ níwọ̀n. Èmi náà, owó ni mo kọ́kọ́ béèrè lọ́jọ́ tí wọ́n gbé tèmi wá. Wọ́n ní owó pọ́ọ́kú ni, inú mi dùn, mo sanwó. Egungun ẹsẹ̀ mi ni mo fi san èyí tó kù.

Ti aṣọ abìyẹ́ ò pẹ́ẹ́ sọ. Òfin USPA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi páráṣúùtù fò níbí ní Amẹ́ríkà, ni pé èèyàn gbọ́dọ̀ ti fò ní ìgbà 200 kó tó wọ̀ ọ́ jáde nínú bàálù. Ìwọ ku 138. Ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ tó tún fẹ́ kó o ra aṣọ náà báyìí, ọjà tiẹ̀ ló ń wá bó ṣe máa tà, kì í ṣe ẹ̀mí rẹ ló ń rò. Kó gbé aṣọ rẹ̀ dání.

Àpò páráṣúùtù gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ní 2017, mo ti fò ní ìgbà 94. Páráṣúùtù tí mo ń háyà jẹ́ 230, ní square feet tí wọ́n fi ń wọ̀n wọ́n, ó sì máa ń gbé mi wálẹ̀ pẹ̀lẹ́ bí ìyá ṣe ń sọ ọmọ kalẹ̀ láti ẹ̀yìn. Àmọ́ owó háyà ń dùn mí. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní ọ̀gá, ìfò rẹ̀ ti lé ní 6,000. Òun ló ní kí n ra 150 tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ tà. Mo ní ṣé kò ní kéré fún mi? Ó ní á mọ́ mi lára, pé tí mo bá ra ńlá lónìí, màá tún ra kékeré lọ́dún tó ń bọ̀, kí ni mo fẹ́ fi owó ṣòfò fún. Ó gbá mi léjìká, ó rẹ́rìn-ín. Mo gbà á gbọ́ nítorí pé ọ̀gá ni.

Wò ó, ìṣirò ibẹ̀ ò le. Mo wọn pọ́ùn 185 nígbà náà. Aṣọ, àṣíborí àti àpò ẹ̀yìn tó pọ́ùn 25, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 210. Pín in sí 150, ó di 1.4, ìyẹn iye pọ́ùn tí square foot kan ń gbé. Ẹni tó ṣì ń kọ́ ọwọ́ rẹ̀, 1.0 ni kó máa wò, tàbí kó má tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni pé 210 ló bá mi mu, kò sì burú tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. 1.4 yára ju bí ojú àti ọwọ́ mi ṣe lè bá a lọ, tí mo bá sì fa apá kan rẹ̀, kì í yí lásán, ṣe ló máa ń forí sọlẹ̀. Ẹni tó ti fò ní ìgbà 6,000 mọ èyí bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Kò sọ fún mi. Ó ṣì ń bí mi nínú bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ìfò kọkànlélógún tí mo fi 150 yẹn fò ni. Oṣù keje ní Texas, o mọ bí ooru ibẹ̀ ṣe rí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ooru kan ọ̀rọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ tó bá gbóná máa ń fúyẹ́, páráṣúùtù á sì tún máa sáré sí i nínú rẹ̀. Mo ṣí ní 4,000 ẹsẹ̀ bàtà, ó ṣí dáadáa, okùn kankan ò lọ́. Fi èyí sọ́kàn o: kò sí nǹkan kan tó bàjẹ́ lára irinṣẹ́ mi lọ́jọ́ yẹn. Aṣọ tó ṣí pérépéré ló ṣẹ́ mi lẹ́sẹ̀.

Mo ti kọjú sí afẹ́fẹ́ láti balẹ̀ nígbà tí ẹnì kan gba iwájú mi kọjá láti apá ọ̀tún. Mo yà fún un díẹ̀. Nígbà tí mo máa fi wo iwájú padà, wáyà ọgbà màlúù ni mo rí, kòtò sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kù bí ẹsẹ̀ bàtà 100 kí n kan ilẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo sì ṣe ohun tí ọwọ́ ẹni tí ẹ̀rù bá bà máa ń ṣe: mo fa toggle òsì, ọwọ́ okùn tí wọ́n fi ń darí páráṣúùtù, wálẹ̀ dé itan. Mi ò mọ̀ pé mo ń ṣubú. Ilẹ̀ ni mo rí tó ń dìde bọ̀ wá bá mi. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún mi kí n tó mọ̀ pé ó dùn mí, ó dún bí ìgbà tí wọ́n bá fi orúnkún ṣẹ́ ìrèké.

Egungun ojúgun ṣẹ́, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣẹ́, ọrùn ẹsẹ̀ fọ́ wẹ́wẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Irin pẹlẹbẹ kan àti síkúrù mọ́kànlá ṣì wà níbẹ̀ dòní, òtútù oṣù kìíní máa ń jí wọn. Oṣù mẹ́rin ni mi ò fi ẹsẹ̀ yẹn kan ilẹ̀. Orí àga ni ìyàwó mi ti ń wẹ̀ fún mi. Ọmọbìnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà. Láràárọ̀ ló ń gbé bàtà mi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì, ti òsì, torí ó ti mọ̀ pé èkejì ò wúlò. Ìyá mi pè láti Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n ní ta ló lé mi tí mo fi bẹ́ sílẹ̀ nínú bàálù tí kò bàjẹ́. Mi ò rí èsì fọ̀.

Lẹ́tà ilé iṣẹ́ adójútòfò ló wá dé lóṣù kejì tí mo ṣèṣe. Wọ́n ní àdéhùn wọn yọ fífò láti inú bàálù sílẹ̀, ó wà níbì kan láàárín ìwé tó nípọn bíi Bíbélì. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo pè wọ́n. Wọ́n á ní kí n dúró, wọ́n á fi orin sí mi létí, ẹlòmíràn á gbé e, á ní kí n tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ bi mí bóyá bàálù náà ló já. Ọdún mẹ́ta ni mo fi san gbèsè ọsibítù. Nítorí náà, kó o tó tún fò, ka ìwé adójútòfò tìrẹ. Lóòótọ́, adójútòfò wà nínú owó ọmọ ẹgbẹ́ USPA, àmọ́ ara ẹlòmíràn àti dúkìá ẹlòmíràn tó o bá ṣe ní jàǹbá ló wà fún. Kò kan ẹsẹ̀ tìrẹ.

Ọ̀gá ò wá sí ọsibítù. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ó ń sọ fáwọn èèyàn pé nítòsí ilẹ̀ ni mo ti yí. Òótọ́ ni. Ọwọ́ mi ló fa okùn, mi ò sẹ́. Ta ló wá fi 150 lé mi lọ́wọ́?

Ohun tó yẹ kí n ṣe rèé. Kí n fa toggle méjèèjì dé ìdajì, kí n wá jẹ́ kí ẹyọ kan lọ sókè díẹ̀. Páráṣúùtù á yí pẹrẹsẹ láì forí sọlẹ̀. Tí kò bá sí àyè fún ìyẹn, kí n balẹ̀ tààrà, kí apá méjèèjì dọ́gba, kódà bó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ń tì mí lẹ́yìn, kódà bó jẹ́ pé inú igbó ni. Kí n so ẹsẹ̀ pọ̀, kí n tẹ orúnkún díẹ̀, kí n sì yí gbirigbiri. Awọ á bó, ó tán. Mi ò dán èyíkéyìí wò rí lókè. Ó wà nínú ìwé tí wọ́n ní kí n kọ́ kí n tó gba láísẹ́ǹsì, olùkọ́ sì fọwọ́ sí i, àmọ́ ó ń fọwọ́ sí i ló ń jẹ búrẹ́dì, kò tiẹ̀ yíjú wo bí mo ṣe balẹ̀. Àbúrò mi, má jẹ́ kí ìfọwọ́sí tàn ọ́. Bẹ́ ní 5,000 ẹsẹ̀ bàtà, ìwọ nìkan, ṣí kíákíá, kó o sì máa yí i báyìí lókè 3,000 títí ọwọ́ rẹ á fi lè ṣe é lójú oorun. Ṣe é pẹ̀lú páráṣúùtù tó o ti mọ̀, kó o tó bọ́ sórí tuntun.

Ní ti àpò tí wọ́n fẹ́ tà fún ọ, gbé e fún rigger, ẹni tó gba ìwé àṣẹ láti máa di páráṣúùtù àti láti máa tún un ṣe, tí ìwọ fúnra rẹ sanwó fún, kó má ṣe jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹni tó ń tà á, kó o tó fowó sílẹ̀. Òun lá wo káàdì reserve, páráṣúùtù kejì tó wà fún pàjáwìrì, torí ọjọ́ 180 péré ni òfin gbà kó fi wà ní dídì kí rigger tó tún un dì, á sì wo òjé kékeré tó wà lórí okùn pupa. Á wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe AAD, ẹ̀rọ tó ń ṣí reserve fúnra rẹ̀, torí ó ní iye ọdún tó lè lò. Èyí tí ọdún rẹ̀ ti pé ò níye lórí mọ́. Á wo bóyá okùn main, páráṣúùtù àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń ṣí, ti súnkì, èyí tó máa ń jẹ́ kó ṣí lódìlódì. Á wo bóyá bẹ́líìtì náà bá ara rẹ mu. Reserve náà kò gbọ́dọ̀ kéré jù fún ọ, torí ọjọ́ tó o bá nílò rẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ tí ọkàn balẹ̀. Má fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tó ní ìlú míì lòun wà. Ìyẹn ti jẹ owó ọ̀rẹ́ mi kan.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ tí kò jẹ́ kí n sùn. O ní ọkùnrin náà fọwọ́ ara rẹ̀ rán nǹkan mọ́ àpò náà kó lè bá aṣọ abìyẹ́ mu. Patrick de Gayardon, ará Faransé tó la ọ̀nà aṣọ abìyẹ́ òde òní, kú ní Hawaii ní oṣù kẹrin 1998, àtúnṣe tó ṣe sí àpò páráṣúùtù ara rẹ̀ ni wọ́n tọpa ikú náà dé. Kò sẹ́ni tó mọ aṣọ yẹn bíi tiẹ̀ nígbà náà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Jari Kuosma ará Finland àti Robert Pečnik ará Croatia dá ilé iṣẹ́ BirdMan sílẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta aṣọ abìyẹ́ fún gbogbo èèyàn. Abẹ́rẹ́ ọkùnrin yẹn gbọ́dọ̀ kọjá lójú rigger.

Lẹ́yìn ẹsẹ̀ mi, mo padà, mo sì wọ aṣọ abìyẹ́ nígbà tí ìfò mi lé ní 300, torí náà mo lè sọ díẹ̀. Bẹ́líìtì itan ni kó o máa bẹ̀rù jù. Inú aṣọ ló máa ń wà, ojú ò rí i, àwọn èèyàn sì ti bẹ́ láì dì í, wọ́n já bọ́ kúrò nínú bẹ́líìtì nígbà tí páráṣúùtù ṣí. Fọwọ́ kàn án kó o tó fa síìpù ẹsẹ̀, kó o sì fa bẹ́líìtì èjìká sókè lẹ́ẹ̀kan sí i nínú bàálù títí wàá fi mọ̀ ọ́n ní itan. Má gbójú lé AAD: èyí tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ti mọ̀ ọ́n fò kì í ṣí reserve àfi tó o bá ń já bọ̀ ní nǹkan bíi máìlì 78 ní wákàtí kan ní 750 ẹsẹ̀ bàtà, aṣọ abìyẹ́ sì sábà máa ń dín eré rẹ kù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ fúnra rẹ lo máa ṣí. Okùn máa ń lọ́ jù nígbà tí ìyẹ́ kan bá gbá afẹ́fẹ́ ju èkejì lọ, páráṣúùtù kékeré á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ́ pòòyì. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń lo main oníhò méje tó tóbi, tí ara rẹ̀ balẹ̀. Tó o bá dé 2,500 ẹsẹ̀ bàtà tí okùn kò tíì tú, já main dànù, ṣí reserve. Pa ìyẹ́ mọ́ra nígbà tó o bá ń jáde, títí wàá fi kọjá ìrù bàálù. Olùkọ́ lá kọ́ ọ ní ìyókù.

Kámẹ́rà orí àṣíborí náà, ìfò 200 ni kó o dúró dè. Mo rí i lórí rẹ nínú fọ́tò rẹ.

O ò sọ iye tó o wọ̀n. O ò sọ iye main náà, o ò sì sọ ọjọ́ tó wà lórí káàdì reserve. O ní Sátidé lo fẹ́ lọ sanwó. Kọ ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbí kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, màá bá ọ ṣèṣirò rẹ̀. Tó bá sì jẹ́ 150 ni ọkùnrin yẹn gbé lọ́wọ́, má tiẹ̀ lọ rárá.