Bélì mẹ́sàn-án tí òjò pa

Lẹ́tà:

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe ní Lincolnshire, ní England. Lọ́dún tó kọjá, èmi àti ọkọ mi ta fúláàtì wa, a ra ilẹ̀ lẹ́bàá oko àlìkámà kan. Ọkọ mi ní ilé bélì la máa kọ́. Pòròpórò àlìkámà ni wọ́n ń dì ní bélì, wọ́n á tò ó bíi búlọ́ọ̀kù, wọ́n á wá fi láìmù rẹ́ ẹ. Mo gbà, kò fipá mú mi. Láti ìgbà náà, inú káráfáànì, ilé onítáyà tí wọ́n ń fi ọkọ̀ fà, là ń gbé, àwa méjèèjì àti ọmọ wa ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà.

Ní oṣù Kẹjọ, èèyàn bí ogún wá bá wa to ògiri fún ọjọ́ mẹ́rin. Èmi ni mo dáná fún gbogbo wọn lórí sítóòfù olójú méjì. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, mo ní kí ọkọ mi fi tapólì bo orí ògiri. Ó ní fóònù òun sọ pé òjò ò ní rọ̀. Òjò rọ̀. Bélì mẹ́sàn-án ló rin gbìndìn níhà àríwá. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní yóò gbẹ, pé láìmù ń mí. Wọ́n gbé òrùlé lé e lórí, nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, ó fi láìmù bo ìta rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti dárúkọ bélì, ìjà dé. Lọ́jọ́ kan ó sọ lójú àwọn àlejò pé, "Jẹ́ kí n ráyè kọ́ ilé mi." Ilé mi!

Èyí tí kì í jẹ́ kí n sùn ni ti màmá mi. Oṣù Kẹrin ni wọ́n ń bọ̀. Ilé bíríkì ni wọ́n rò pé à ń kọ́, torí fọ́tò ilé aládùúgbò wa ni mo fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ti rí i. Ọmọ mi náà ti ń wúkọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Peckham, ní London, ní kí n kó ẹrù mi máa bọ̀. Ṣé kí n lọ?

Èmi, Ìyàwó Inú Káráfáànì.

Ìdáhùn:

Àbúrò mi, má bínú, mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ibi fọ́tò ilé aládùúgbò. Mo ń fojú inú wo màmá bí wọ́n ṣe ń gbé fóònù káàkiri lẹ́yìn ìsìn: "Ẹ wo ilé ọmọ mi ní London." Fún àwọn ìyá wa, Lincolnshire náà London ni. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká fi màmá sílẹ̀ ná. Màmá lè dúró di oṣù Kẹrin, bélì tó rin kò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Ilé alámọ̀ ni bàbá mi kọ́ nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo rántí òru ọjọ́ kan tí ààrá sán, tí wọ́n jí gbogbo wa sílẹ̀. Ògiri ti dé ìpele kẹta. Bàbá ò wo ẹ̀gbẹ́ ògiri rárá, orí rẹ̀ ni wọ́n sáré lọ bá. Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi bò ó, atẹ́gùn sì ti gbé méjì lọ. Àwa ọmọdé ń na imọ̀ mìíràn sí wọn nínú òkùnkùn, omi ń ṣàn gba apá wa wọ abíyá. Òjò tó bá na ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́, oòrùn ọjọ́ kejì á gbé e lọ. Èyí tó bá gba orí wọlé, inú lọ́hùn-ún ló ń lọ jókòó sí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni bélì rí. Ọkọ rẹ kò parọ́ pé láìmù ń mí. Òkúta ẹfun tí wọ́n sun nínú iná ni láìmù, ó máa ń jẹ́ kí ọ̀rinrin jáde díẹ̀díẹ̀. Ká ní sìmẹ́ǹtì ló fi bò ó ni, ǹ bá ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọ́ kúrò lónìí. Ṣùgbọ́n omi tó wọnú bélì láti òkè pọ̀ ju ohun tí láìmù lè tètè tú sílẹ̀ lọ, pàápàá níhà àríwá tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé, àti ní oṣù Kẹwàá tí a wà yìí. Ó lè ti gbẹ o. Ó sì lè má gbẹ. Ìwọ ò mọ̀, òun náà ò mọ̀, ẹ wá ń fi ohun tí ẹ ò mọ̀ bá ara yín jà.

Àtẹ́lẹwọ́ kì í wọn ọ̀rinrin inú bélì. Ẹ̀rọ kan wà tó ní ọ̀pá tín-ín-rín gígùn lẹ́nu, òun ni àwọn àgbẹ̀ ń gún sínú koríko kí wọ́n tó kó o sínú abà. Àgbẹ̀ tó tà yín ní bélì lè ní in, bí kò bá ní in, á mọ ẹni tó ní in. Bí ẹ kò bá tíì rẹ́ inú ilé, inú ni kí ẹ ti gún un: lókè lábẹ́ òrùlé, láàárín, nísàlẹ̀ nídìí ògiri, àti lábẹ́ fèrèsé. Ẹ kọ nọ́ńbà ọ̀rinrin tí ẹ̀rọ bá sọ fún bélì kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tún gún ojú kan náà. Bí ó bá wà lábẹ́ ìdá 20 nínú 100, ọ̀rọ̀ ti tán, ìwọ náà á gba kámú. Bí ó bá wà láàárín 20 sí 25, tó sì ń lọ sílẹ̀, ẹ máa ṣọ́ ọ. Èyí tó bá kọjá 25 tí kò sì yẹ̀ kúrò níbẹ̀, kì í ṣe bélì mọ́, ààtàn lẹ kó sínú ògiri yẹn. Ẹ fi imú sí i pẹ̀lú. Pòròpórò gbígbẹ máa ń ta sánsán bí abà àgbẹ̀. Èyí tó ti ń bu máa ń rùn bí àpò gàrí tí omi wọ̀.

Bí nọ́ńbà náà kò bá dára, ẹ má fi ìbínú fa bélì kankan yọ. Bí mo ṣe ka lẹ́tà rẹ, bélì fúnra wọn ló ru òrùlé yín. Ẹ pe ẹni tó ti kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ rí kó wá wò ó. Wọ́n máa ń gé ibi tó ti jẹrà jáde, wọ́n á wá fi koríko tuntun dí i pinpin. Bélì kan kò ju pọ́n-ùn mélòó kan lọ. Ìjà tí ẹ ti jà lórí rẹ̀ wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ alẹ́ ọjọ́ náà. Ìwọ lo jàre. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba kí o lè fi hàn án tó bá wù ọ́. Ẹni tó ní ògiri lóde, tí kò sì tíì kan òrùlé, kò gbọ́dọ̀ fi fóònù ṣe tapólì. Ó jẹ ọ́ ní "má bínú" kan, tòótọ́tòótọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o rò ó wò, ẹ̀ẹ̀mélòó lo ti sọ "ṣé mi ò sọ" láti oṣù Kẹjọ? Ọkùnrin tí àṣìṣe rẹ̀ ti di oríkì tí wọ́n fi ń kí i láàárọ̀ kò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ kankan wọ ògiri yẹn. Nọ́ńbà yẹn gan-an ló ń bà á lẹ́rù. Nítorí náà, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe nídìí ògiri o. Nígbà tó bá jẹun tán, tí ọmọ ti sùn, sọ fún un pé ohunkóhun tí ẹ̀rọ bá sọ, o kò ní sọ pé o ti wí tẹ́lẹ̀. Kí o sì mú un ṣẹ, torí ibẹ̀ ló le jù.

Ti "ilé mi" ńkọ́? Lẹ́nu ọkùnrin Yorùbá, ó lè má ju àṣà ẹnu lọ. "Ilé mi" ni bàbá mi ń wí títí wọ́n fi kú, màmá mi á sì bi wọ́n pé ta ló pọn omi tí wọ́n fi po amọ̀. Ìwé ni mo fẹ́ kí o wò, fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Owó fúláàtì tí ẹ jọ ní ló ra ilẹ̀ yẹn. Orúkọ ta ló wà ní Land Registry, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń kọ orúkọ onílẹ̀ sílẹ̀? Pọ́n-ùn díẹ̀ lo máa san lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti rí i. Bí orúkọ rẹ kò bá sí níbẹ̀, ìyẹn ni ìjà tó tọ́ sí ọ, má fi agbára rẹ ṣòfò lórí koríko. Bí o bá ti wà nídìí ìwé náà, kó gbogbo rìsíìtì jọ sínú fáìlì kan. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé tuntun tí yóò gbé lè gba VAT orí ohun èlò padà lọ́wọ́ HMRC, àwọn agbowó orí ìlú Ọba, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, láàárín oṣù mẹ́fà tí ilé bá parí.

Ogún èèyàn, ọjọ́ mẹ́rin, sítóòfù olójú méjì. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀wẹ̀ lẹ bẹ̀ yẹn, ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló sì ń bọ́ àwọn tó wá ṣe é, lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nílé wa, ìyàwó ilé, ọmọ osú àti aládùúgbò ló máa ń pé jọ sídìí ààrò, wọn kì í kó gbogbo ìkòkò lé ẹnì kan lórí. Ohun kan wà tí n kò rí nínú lẹ́tà rẹ. Ṣé ọwọ́ rẹ ti kan ògiri ilé yẹn rí? Nígbà tí ẹ bá tún bẹ ọ̀wẹ̀ láti rẹ́ inú ilé, kí kálukú gbé oúnjẹ tirẹ̀ dání, ìwọ náà ká aṣọ rẹ sókè. Ẹ lè fi amọ̀ rẹ́ inú, amọ̀ kì í jó èèyàn lára bíi láìmù (ẹ má sún mọ́ láìmù láìsí ìbọ̀wọ́ àti awò ojú). Màmá mi ló fi ọwọ́ ara wọn pa ilẹ̀ yàrá wa, ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n fi pa á, kò sì sí ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ láti gbé bàtà wọ ibẹ̀.

O béèrè bóyá kí o lọ. Kúrò nínú káráfáànì, ṣùgbọ́n má lọ sí Peckham. Ìwọ ni nọ́ọ̀sì, mi ò ní kọ́ ọ ní ti ikọ́, o sì mọ̀ pé káráfáànì ń làágùn lára ògiri lóru òtútù. Ọmọ yẹn ní ilé ìwé níbẹ̀. Ẹ wá yàrá méjì háyà lábúlé láti oṣù Kọkànlá di oṣù Kẹta, kí ẹ jọ lọ, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ọkọ rẹ bá ní iṣẹ́ á dúró, bi í pé iṣẹ́ wo. Láìmù tí òtútù tó ń sọ omi di yìnyín bá ká mọ́ kó tó gan, ńṣe ló máa ń jábọ́ lára ògiri, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n rẹ́ tí yóò rẹ́ ẹ ní oṣù Kejìlá. Inú ilé ni iṣẹ́ kù sí, ó sì lè máa wá ṣe é lójúmọ́.

Ó wá ku màmá. Ọkọ rẹ fi láìmù bo bélì tútù, ìwọ fi fọ́tò bo odidi ilé, ẹ ò rí ara yín bú. Pè wọ́n kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, má fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́. Gbólóhùn tí o máa kọ́kọ́ sọ lẹ́yìn ìkíni ni pé, "Màmá, fọ́tò yẹn kì í ṣe ilé wa." Wọ́n á pariwo. Wọ́n á ní ṣé ahéré lo lọ kọ́ sí ìlú Ọba. Kí o wá bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi ń bo ààfin Aláàfin láyé àtijọ́. Koríko ni, bẹẹrẹ, ọdọọdún ni wọ́n ń rù ú wá sí Ọ̀yọ́ tó fi di ọdún Bẹẹrẹ. Bí wọ́n bá ní Ìbàdàn ni àwọn, kí ló kan àwọn pẹ̀lú Ọ̀yọ́ (wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀), mú wọn lọ sí Nebraska ní Amẹ́ríkà. Àwọn àgbẹ̀ tó dé ilẹ̀ oníyanrìn ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1890 kò rí igi gé, ẹ̀rọ tó ń di koríko sì wà lọ́wọ́ wọn, ni wọ́n bá to bélì gbé òrùlé lé. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi bélì kọ́ ní Arthur ní 1928 ṣì wà lórí ìdúró. Ti ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni kí o tẹnu mọ́, o kúkú mọ màmá rẹ. Ní Faransé, ilé bélì kan wà ní Montargis tó ti wà láti 1920. Kó dà, ní Lincolnshire yín níbẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ North Kesteven fi bélì kọ́ ilé fún àwọn ayálégbé rẹ̀ ní Waddington ní nǹkan bí ọdún 2010.

Wọ́n á béèrè iná. Bélì tí wọ́n dì le, tí wọ́n sì rẹ́ tọ̀tún tòsì, kì í tètè gbiná, àfi bí ẹni fẹ́ dáná sun ìwé ńlá tí wọ́n pa dé. Pàǹtírí koríko tó dà sílẹ̀ káàkiri ni kí ẹ máa gbá, ìyẹn ń jó bí ẹ̀tù. Wọ́n á béèrè eku. Wọ́n ti pa ọkà kúrò lára pòròpórò kí wọ́n tó dì í, kò fi bẹ́ẹ̀ sí oúnjẹ fún eku níbẹ̀. Kí ẹ ṣáà dí ihò.

Inú á bí wọn, mi ò ní tàn ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tó ti rí fọ́tò ló máa ká wọn lára ju ti koríko lọ. Jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn pinnu ohun tí wọ́n máa sọ fún àwọn èèyàn wọn. Kí ẹ sì fi ògiri kan sílẹ̀ láìrẹ́ nínú yàrá tí wọ́n máa sùn. Po amọ̀ dè wọ́n ní oṣù Kẹrin.

Kọ̀wé sí mi nígbà tí ẹ bá ti gún bélì lẹ́ẹ̀kejì. Má wulẹ̀ kọ́kọ́ kí mi. Kọ nọ́ńbà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sókè ìwé, kí "ẹ kú iṣẹ́ o" wá tẹ̀lé e.