Eérú ta ni wọ́n ń dù nídìí kríkẹ́ẹ̀tì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Leeds ni mo wà, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe. Bàbá òyìnbó kan wà tí mo máa ń wẹ̀ fún láàárọ̀. Kò lọ́rọ̀ méjì lẹ́nu ju Headingley 1981 àti “Ashes” lọ, omi á sì máa lé ròrò lójú rẹ̀. Mo rò pé eérú ìyàwó rẹ̀ tó kú ni, mo ń bá a kẹ́dùn. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, eérú ta ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má bínú, èmi náà rẹ́rìn-ín. O ò ṣì í pátápátá: eérú ni wọ́n ń wí lóòótọ́, inú ọ̀rọ̀ òkú ló sì ti wá. Àmọ́ kò sẹ́ni tó kú. Kríkẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, ni wọ́n sọ di òkú. “Ashes”, ìyẹn eérú, wá di orúkọ ìdíje eré náà láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Ọsirélíà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1882, àwọn ará Ọsirélíà wá bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣeré ní pápá Oval ní London. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ọsirélíà kan, Sammy Jones, sáré débi tó ń lọ, ó rò pé bọ́ọ̀lù ti sinmi, ló bá kúrò láyè rẹ̀ láti lọ fi igi ọwọ́ rẹ̀ tẹ ilẹ̀ tó hu. W. G. Grace, àgbà onírùngbọ̀n tí gbogbo Ìlú Ọba ń wárí fún, mú bọ́ọ̀lù, ó fi wó wicket, ìyẹn àwọn igi tí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ń ṣọ́, ó ní kí wọ́n lé ọmọ náà jáde. Òfin gbè é, àmọ́ ìwà àgbà kọ́. Inú bí Fred Spofforth, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Ọsirélíà. Run (àmì ayò) 85 péré ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń wá kí wọ́n borí. 77 ni wọ́n rí tí gbogbo wọn fi tán. Spofforth nìkan lé méje jáde lára wọn. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Òwe wa yìí, bí ẹni pé Grace gan-an ni wọ́n pa á mọ́.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìwé ìròyìn Sporting Times tẹ ìkéde òkú jáde, irú èyí tí a máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri nílé: kríkẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kú ní Oval, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ, tọ̀rẹ́ tojúlùmọ̀ ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, wọn yóò sun òkú náà, wọn yóò sì kó eérú rẹ̀ lọ sí Ọsirélíà. Ata tó wà nínú àwàdà yẹn ni pé sísun òkú kò tíì wọ́pọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ọdún 1885 ni wọ́n tó sun òkú àkọ́kọ́ tí òfin tì lẹ́yìn, ní ìlú Woking.

Nígbà tí Ivo Bligh, olórí ẹgbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, kó ẹgbẹ́ lọ sí Ọsirélíà lẹ́yìn náà, ó ní eérú yẹn lòun ń lọ gbà bọ̀. Àwọn obìnrin kan níbẹ̀ bá a ṣàwàdà, wọ́n fún un ní ìkòkò amọ̀ kékeré kan. Ó wà ní Lord's, pápá kríkẹ́ẹ̀tì kan ní London, títí dòní, kò ga ju àtẹ́lẹwọ́ rẹ lọ.

Ní ti bàbá rẹ, ẹkún ayọ̀ ló ń sun. Ní oṣù keje 1981, Ọsirélíà ti borí lẹ́ẹ̀kan nínú ìdíje Ashes ọdún náà. Ian Botham ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ipò olórí ẹgbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ lẹ́yìn tó jẹ òdo lẹ́ẹ̀mejì ní Lord's. Wọ́n dé Headingley, pápá tó wà ní Leeds níbẹ̀ yẹn: Ọsirélíà ní run 401, Gẹ̀ẹ́sì ní 174. Ọsirélíà ní kí Gẹ̀ẹ́sì tún gbá tiwọn lẹ́ẹ̀kejì lójú ẹsẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní follow-on nìyẹn. Ẹni méje ti jáde nínú mẹ́wàá tí wọ́n ní láti lé, run 135 péré ni Gẹ̀ẹ́sì ní. Àwọn onítẹ́tẹ́ ní ẹni tó bá fi pọ́n-ùn kan sórí Gẹ̀ẹ́sì, 500 ni wọn yóò san fún un. Dennis Lillee àti Rodney Marsh, àwọn ọmọ Ọsirélíà fúnra wọn, lọ ta á! Botham wá ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tí gbèsè ò kàn, Graham Dilley ń gbè é lẹ́sẹ̀, títí Botham fi ní run 149 tí ẹnikẹ́ni ò lé e jáde. Lọ́jọ́ kejì, 130 ni Ọsirélíà ń wá. Bob Willis ti Gẹ̀ẹ́sì lé ẹni mẹ́jọ jáde. 111 ni Ọsirélíà tán sí, Gẹ̀ẹ́sì sì borí.

Ẹlòmíì á ní “iná kú, ó feérú bojú” nìyẹn. Kò bá a mu. Ọ̀rọ̀ àrólé ni òwe yẹn. Èyí jọ ohun tí ìyá àgbà mi máa ń ṣe: á bu eérú bo ẹ̀yinná lálẹ́, tó bá di àárọ̀ á wú u, á fi koríko gbígbẹ lé e, á fẹnu fẹ́ ẹ.

Lọ́la, bi bàbá bóyá ó dúró lọ́sàn-án Mọ́ńdè, ọjọ́ tí Botham gbá 149 yẹn. Àwọn agbábọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti kó ẹrù wọn kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì láàárọ̀. Nígbà tó dalẹ́, wọ́n tún ń wá yàrá tí wọn yóò sùn.