Nínú géèmù Assassin's Creed Odyssey, ṣé Barnabas ló kan ọkọ̀ Adrestia?

Rárá o. Ọ̀gá ọkọ̀ ni Barnabas, kì í ṣe káfíńtà ọkọ̀. Ẹ̀yin lẹ gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá ọ̀daràn tí wọ́n ń pè ní Cyclops ní erékùṣù Kephallonia, ìyẹn ló jẹ́ kó fi ọkọ̀ rẹ̀ sin yín. Tí ẹ bá fẹ́ kí Adrestia lágbára sí i, igi, irin àti owó drachma lẹ máa kó jọ.

Tó bá jẹ́ káfíńtà ọkọ̀ Gíríìkì tó gbé ayé rí lẹ ń wá, ẹ mú Ameinocles ará Kọ́ríńtì. Thucydides, òpìtàn Gíríìkì ayé àtijọ́, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó kan ọkọ̀ mẹ́rin fún àwọn ará erékùṣù Samos, ní nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú òpin ogun tí géèmù yẹn dá lé, ìyẹn ogun Peloponnese láàárín Áténì àti Sparta.

Iṣẹ́ àwọn káfíńtà ọkọ̀ Gíríìkì ayé àtijọ́ wú mi lórí gan-an. Ara ọkọ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ tò, egungun inú rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé e. Wọ́n á gbẹ́ ihò sí etí pákó méjì, wọ́n á ki igi pẹlẹbẹ bọ̀ ọ́ kí méjèèjì lè so pọ̀, wọ́n á sì fi èèkàn kéékèèké gún un kó má bàa yọ. Idẹ ni wọ́n fi ń ṣe ṣóńṣó iwájú tó ń lu ọkọ̀ ọ̀tá.

Èèyàn 170 ló ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ ogun Áténì kan, ní ìpele mẹ́ta. Wọ́n tún irú rẹ̀ kàn ní Gíríìsì ní 1987, wọ́n pè é ní Olympias.