Ṣúgà tó já wálẹ̀ lóru, ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora mọ́: Nọ́ọ̀sì ń dá yín lóhùn

Lẹ́tà yín pọ̀ lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ṣúgà ló sì wà nínú èyí tó pọ̀ jù, mo wá kó wọn jọ síbi kan. Dókítà á rí aláìsàn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, àwa nọ́ọ̀sì á tọ́jú ẹ̀ títí wọ́n á fi ní kó máa lọ sílé, àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń gbélé lẹ máa rí ohun tó bá ṣẹlẹ̀ láago mẹ́ta òru. Ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè: Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa ti lé ní àádọ́rin ọdún, kò tíì pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ ínsúlínì tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lóru, ìyá wa kàn gbọ́ tí wọ́n ń sọ ìsọkúsọ, aṣọ ọrùn wọn rin gbingbin fún òógùn, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n fẹ́ máa lu ìyá wa. Àwọn ará ilé ní ayé ló ń bá wọn jà, wọ́n ń wá epo pupa tí wọ́n máa dà sí wọn lẹ́nu. Aládùúgbò wa kan ló sáré wọlé tó ní kí wọ́n fún wọn ní omi ṣúgà, kò pẹ́ tí ara wọn fi balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wá ń sọ pé abẹ́rẹ́ yẹn ló fẹ́ pa wọ́n, pé ká dá a dúró. Ṣé ká dá a dúró? — Ọmọ Bàbá, Ìjẹ̀bú-Òde

Ìdáhùn: Ẹ má dá a dúró o. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ aládùúgbò yẹn gan-an, ẹ̀mí ló gbà là. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bàbá ló já wálẹ̀ jù. Ṣúgà yìí ni ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́, tó bá ti wálẹ̀ ju 70 lọ lórí mítà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, òógùn á bò wọ́n, wọ́n á máa gbọ̀n, àyà wọn á máa lù kìkì, ebi á dé lójijì, tó bá tún wálẹ̀ jùyẹn lọ, èèyàn jẹ́jẹ́ á di oníjà, á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mutí yó, àwọn míì á dákú tàbí kí gìrì gbé wọn. Mi ò ní kẹ́ ẹ má gbàdúrà, ẹ gbàdúrà, àmọ́ ṣúgà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé dání.

Ẹ po ṣúgà oníkúbù mẹ́rin sínú omi díẹ̀ kí wọ́n mu ún, tàbí kẹ́ ẹ fún wọn ní ìdajì ife kóòkì, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ pé kò ní ṣúgà sí lára o. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, tí kò bá tíì kọjá 70, ẹ tún fún wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Tó bá ti gòkè, ẹ wá fún wọn lóúnjẹ gidi, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín dáa, torí omi ṣúgà yẹn kì í pẹ́ tán lára. Tí mítà ò bá sí nítòsí, ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a kiri, ẹ fún wọn ní ṣúgà náà. Tó bá jẹ́ pé ṣe ni ṣúgà wọn ga, ìwọ̀nba tẹ́ ẹ fún wọn yẹn ò lè ṣe wọ́n ní ohun tí ṣúgà tó já wálẹ̀ máa ṣe láàárín wákàtí kan.

Àmọ́ tí wọ́n bá ti dákú, tàbí wọn ò lè gbé nǹkan mì, ẹ má da ohunkóhun sí wọn lẹ́nu, ì báà ṣe omi ṣúgà, ì báà ṣe epo pupa, ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà lọ. Ẹ yí wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ wá mọ́tò, ọ̀sibítù tó bá sún mọ́ yín jù ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ, wọ́n á gba iṣan fún wọn ní ṣúgà níbẹ̀.

Ó wá ku ohun tó fà á. Ṣé wọ́n gba abẹ́rẹ́ alẹ́ tán, tí oorun wá gbé wọn lọ láìjẹun? Ṣé ìyá ti gún un, tẹ́yin náà tún wọlé wá gún un? Ṣé wọ́n lọ sóko lọ́jọ́ yẹn, àbí wọ́n mu ọtí? Ṣé kíndìnrín wọn ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, kí ínsúlínì wá máa pẹ́ lára wọn? Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ́rẹ́, ẹni tó bá gún un kó kọ aago, iye yúníìtì àti ohun tí mítà sọ. Ẹ gbé ìwé náà tọ dókítà lọ lọ́sẹ̀ yìí, òun lá fi mọ bó ṣe máa dín in kù. Bàbá tó ti dàgbà báyìí, a kì í fi dandan lé e pé kí ṣúgà wọn wálẹ̀ bíi ti ọmọ ogójì ọdún, torí ìṣubú kan lóru lè ṣẹ́ wọn légungun ìtàn.

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé oògùn ìtọ̀ ṣúgà oníhóró bíi glibenclamide, tọ́pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Daonil, lẹ̀ ń lò, ó kàn yín o. Ṣúgà tí oògùn yẹn bá já wálẹ̀ lè gòkè kó tún já lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, torí náà bí aláìsàn bá tiẹ̀ ti jí tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ ṣì gbé e lọ kí wọ́n máa wò ó.

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì wa, iná ò sí ládùúgbò wa mọ́, fìríìjì wa ò ṣiṣẹ́. Ibo ni kí n kó ínsúlínì mi sí? Mo tún ní kókó méjì níkùn níbi tí mo máa ń gún un sí, kì í dùn mí, mo tiẹ̀ fẹ́ràn ibẹ̀. — Tíṣà, Ìsẹ́yìn

Ìdáhùn: Tíṣà, ẹ kú ìfaradà. Èyí tẹ́ ẹ ti ṣí, tẹ́ ẹ̀ ń lò lọ́wọ́, kò fi dandan gba fìríìjì, ọ̀pọ̀ nínú wọn lè wà níta fún bí ọjọ́ 28 tí oòrùn ò bá kàn án, tí ooru ibẹ̀ ò sì ju 30 digíríì lọ. Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣí i sára ìgò. Èyí tẹ́ ò tíì ṣí ló fẹ́ ìtutù, láàárín 2 sí 8 digíríì, ẹ má sì ki í bọ fírísà láé, ínsúlínì tó bá ti dì, kódà kó yọ́ padà, dídànù ni.

Ilé tí ooru bá pọ̀, ẹ wá ìkòkò amọ̀ méjì, kí ọ̀kan lè wọ inú ìkejì. Ẹ da yanrìn sáàárín wọn, ẹ fomi rin yanrìn náà láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ faṣọ tútù bò ó lórí, kẹ́ ẹ gbé e síbòòji tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Inú ike tó ní ìdérí ni kẹ́ ẹ kó ínsúlínì sí kẹ́ ẹ tó gbé e sínú ìkòkò kékeré, kómi má bàa wọ̀ ọ́. Bómi ṣe ń gbẹ lára ìkòkò ló ń gbé ooru lọ. Kò tutù tó fìríìjì o, torí náà ìgò kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ máa rà, ẹ má ra ti oṣù mẹ́ta pamọ́.

Kókó yẹn ló ń kọ mí lóminú jù. Ojú kan náà tẹ́ ẹ̀ ń gún ló jẹ́ kí ọ̀rá abẹ́ awọ ibẹ̀ ki. Kì í dùn yín lóòótọ́, àmọ́ ínsúlínì tó bá wọ ibẹ̀ kì í dénú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ, ṣúgà yín á máa gòkè á máa wálẹ̀ láìnídìí, àwọn èèyàn á ní ẹ̀ ń jẹ̀kujẹ. Ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ẹ máa yí i ká ikùn, kẹ́ ẹ jìnnà sí ìdodo, kẹ́ ẹ fi bí ìka méjì jìnnà sí ojú àná, itan náà wà ńbẹ̀. Ẹ sì fetí sí èyí dáadáa, tẹ́ ẹ bá kúrò lórí kókó bọ́ sójú tó dáa, iye yúníìtì kan náà lè wá lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí náà ẹ máa yẹ ṣúgà wò léraléra lọ́sẹ̀ yẹn, kẹ́ ẹ sì sọ fún àwọn tó ń tọ́jú yín kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ọmọ mi fi mítà ránṣẹ́ láti London, ó kọ 7.2. Mo dé kémíìsì, wọ́n ní 130 ni. Èwo ni ká gbà gbọ́? — Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

Ìdáhùn: Méjèèjì ni, mà. Òṣùwọ̀n wọn lọ́hùn-ún yàtọ̀ sí èyí tọ́pọ̀ kémíìsì wa ń lò. Ẹ sọ ti London di ìlọ́po 18, tiwa lẹ máa rí: 4 jẹ́ 72, 10 jẹ́ 180. Ẹ kọ ọ́ sára páálí mítà náà kí gbogbo ará ilé rí i, torí ẹnì kan lè rí 20 kó ní ó mà wálẹ̀ o, tó sì jẹ́ pé 360 ni. Ẹ tún bi ọmọ yín bóyá á lè máa fi sítíríìpù ẹ̀, pélébé tẹ́ ẹ̀ ń kán ẹ̀jẹ̀ sí, ránṣẹ́, ti mítà kan kì í bá òmíì mu.

Ìbéèrè: Ìyá ọkọ mi ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹsẹ̀ wọn ti kú tipiri tipẹ́. Wọ́n ní omi gbígbóná ló máa jí i, wọ́n bá ki í bọ̀ ọ́, wọn ò mọ nǹkan kan lára, àfìgbà tílẹ̀ mọ́ tá a rí i tó ti wú tó kún fómi. Ó ti bẹ́ báyìí, a ń fi ewé sí i, ó ti ń rùn díẹ̀ àmọ́ wọ́n ní kò dùn wọ́n. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé wọ́n á gé e tá a bá lọ sọ́sibítù. — Ìyàwó Ilé, Ìlọrin

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ gbé ìyá lọ lónìí, ẹ má dúró dọ̀la. Pé kò dùn wọ́n yẹn gan-an ni ewu ẹ̀. Ṣúgà tó ti pẹ́ lókè ti ba iṣan tó ń gbé ìrora lọ sọ́pọlọ jẹ́, ó sì lè ti jẹ́ kí ọ̀nà tẹ́jẹ̀ ń gbà dé ẹsẹ̀ fún pọ̀, kòkòrò á wá ráyè jẹ ẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ fomi tó mọ́ ṣan ewé yẹn kúrò, ẹ fi gọ́ọ̀sì bò ó, kí wọ́n má fẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ mọ́. Tí ibà bá ti dé tàbí ibẹ̀ ti dúdú, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tètè dá yín lóhùn. Ẹ bá mi sọ fún ìyá pé ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tí wọ́n ń gé, èyí tó ti pẹ́ nínú ilé ni, ó ti rà kó tó dọ́dọ̀ wa. Èyí tó tètè dé, a máa ń yọ ẹran tó ti kú kúrò, a ó fi omi iyọ̀ ọ̀sibítù fọ̀ ọ́, a ó máa di í, wọ́n á fún wọn ní oògùn tó ń pa kòkòrò inú egbò, ṣúgà náà á wálẹ̀, ó sì máa ń jinná.

Ẹ̀yin yòókù, ẹ máa fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹsẹ̀ lálaalẹ́, ẹ gbé dígí sábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ́ ò bá lè tẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ ni kẹ́ ẹ fi tọ́ omi wò, ẹ má ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ láìtọ́ ọ wò. Ẹ gbọn bàtà kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ má fi bíléèdì bó awọ tó le. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀màrún lójúmọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú aṣọ gbígbẹ kékeré kan dání, ẹ nu àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín gbẹ, ibẹ̀ ni omi ń sá pamọ́ sí, ibẹ̀ ló sì kọ́kọ́ máa ń bó.

Ìbéèrè: Wọ́n ti gé gẹ̀gẹ̀ ọrùn mi, wọ́n fún mi ní levothyroxine, oògùn tó ń ṣe iṣẹ́ ohun tí wọ́n gé kúrò lọ́rùn. Mò ń lò ó pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀ àti oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i, ó ṣì ń rẹ̀ mí. — Oníṣòwò, Àkúrẹ́

Ìdáhùn: Omi lásán ni kẹ́ ẹ fi lò ó tẹ́ ẹ bá jí, inú òfìfo, kó tó bí ìdajì wákàtí sí wákàtí kan kẹ́ ẹ tó jẹun. Oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i yẹn àti kálísíọ́ọ̀mù, ẹ jẹ́ kó tó wákàtí mẹ́rin láàárín wọn, wọn kì í jẹ́ kó wọra. Tí ẹnu yín bá ń ta yín ṣínṣín tàbí ọwọ́ yín ń fà, ọ̀sibítù ni, ó lè jẹ́ pé kálísíọ́ọ̀mù ló wálẹ̀.

Ìbéèrè: Àǹtí, mo ń lo oògùn ìsanra tí mo rà lọ́jà, wọ́n dì í sínú nọ́lọ́ọ̀nù láìsórúkọ, ó ti tó oṣù mẹ́rin. Ojú mi ti rí róbótó, ìlà pupa pupa ti là síkùn mi, ẹ̀jẹ̀ ríru ti dé. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n dá a dúró lónìí olónìí. — Ọmọge, Agége

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má dá a dúró lójijì. Mo fura pé prednisolone tàbí dexamethasone, àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní sítẹ́rọ́ìdì, ló wà nínú nọ́lọ́ọ̀nù yẹn. Nǹkan kékeré kan wà lórí kíndìnrín rẹ méjèèjì tó ń pèsè irú oògùn yìí fúnra ẹ̀, ó ti dákẹ́ iṣẹ́ torí pé o ti ń bá a pèsè ẹ̀ láti ìta. Tó o bá já a gbà lójijì, ara ò ní rí ti inú ilé, kò sì ní rí ti ìta, ó lè rẹ̀ ọ́ débi tó ò fi ní lè dìde, o lè máa bì, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ lè já wálẹ̀ kó o dákú, ó sì ń pa èèyàn. Dókítà ló máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Mú nọ́lọ́ọ̀nù náà dání lọ lọ́la pẹ̀lú èyí tó kù nínú ẹ̀, sọ gbogbo bó o ṣe ń lò ó láìpa ọ̀kan mọ́, mú ìpara tó o fi ń bóra náà dání tó o bá ń lò ó, torí irú oògùn yìí wà nínú òmíì nínú wọn, kó o sì ní kí wọ́n yẹ ṣúgà rẹ wò, ó máa ń gbé e gòkè.