Ẹ lọ wo ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra mountain bike

Ohun tẹ́ ẹ béèrè ni pé nínú mountain bike méjì, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń gùn nínú igbó àti lórí òkè, èwo ni kẹ́ ẹ gbé: hardtail kan (èyí tí kò ní ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn) tí fọ́ọ̀kì rẹ̀, òpó méjì tó di ẹsẹ̀ iwájú mú, ń wọlé 120 mm, àti full suspension kan (èyí tó ní ṣọ́ọ̀kì níwájú lẹ́yìn) tó ń wọlé 150 mm níwájú lẹ́yìn, owó kan náà ni wọ́n sì ń pè méjèèjì. Ẹ ní gbòǹgbò igi ló pọ̀ lójú ọ̀nà yín, òkè ibẹ̀ ò ga púpọ̀ ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wa pẹ́dálì dókè kẹ́ ẹ tó rí ibi tẹ́ ẹ máa sọ̀ kalẹ̀, ẹrẹ̀ máa ń wà níbẹ̀ tójò bá rọ̀, àti pé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀yin àtàwọn ọ̀rẹ́ yín máa ń lọ sí bike park, ibi tí wọ́n ṣe ọ̀nà sí fún irú kẹ̀kẹ́ yìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gun irú méjèèjì yìí, lórí ẹrẹ̀, lórí àpáta, lórí yanrìn, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi ń tún wọn ṣe, torí náà ohun tára mi ti mọ̀ ni màá sọ. Ẹ gbé ojú kúrò lára àwọn kẹ̀kẹ́ yẹn ná. Ẹ lọ wo ilẹ̀.

Ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi rìn ín o. Tẹ́ ẹ bá ń fẹsẹ̀ rìn lẹ máa rí i bóyá òkúta ibẹ̀ rì mọ́lẹ̀ dáadáa àbí ṣe ló ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀, bóyá gbòǹgbò yẹn dábùú ọ̀nà àbí ó nà gbọọrọ síbi tẹ́ ẹ̀ ń lọ, bó ṣe ga tó, ṣé ó dé ọrùn ẹsẹ̀ àbí kò dé, ṣé àárín igi méjì tẹ́ ẹ máa gbà kọjá fẹ̀ tó ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ẹ tún padà lọ lẹ́yìn òjò, torí ilẹ̀ amọ̀ tó le koko lọ́jọ́ oòrùn, tómi bá ti kàn án báyìí, ilẹ̀ mìíì ló dà yẹn. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá bi ara yín, nínú ìgbà mẹ́wàá tẹ́ ẹ máa gun kẹ̀kẹ́, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa wà ní bike park? Ibi tẹ́ ẹ máa ń wà jù ni kẹ́ ẹ rà á fún. Ọ̀pọ̀ ló ń kó owó lé kẹ̀kẹ́ nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọdún tí wọ́n máa fò bọ́ láti orí àpáta, wọ́n á wá máa ti nǹkan wúwo yẹn gun òkè ní gbogbo ọjọ́ tó kù. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí àwọn míì nínú wọn ló ń pa kẹ̀kẹ́ tì pátápátá bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ bike park ló ní kẹ̀kẹ́ ńlá tí wọ́n fi ń háyà, ẹ háyà tiwọn lọ́jọ́ yẹn.

Ní ti iye mílímítà tẹ́ ẹ kọ yẹn, bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ṣe lè gbà sókè tó nígbà tó bá kọ lu nǹkan ló ń sọ. Àwọn tó ń sáré cross-country (eré ọ̀nà jíjìn tó ń gòkè tó ń sọ̀) ń lo 100 sí 120, kẹ̀kẹ́ trail (ti ọ̀nà igbó lásán) máa ń wà láàárín 120 sí 150, enduro (ti ìsọ̀kalẹ̀ tó le) ń gba 150 sí 180, downhill (ti ìsọ̀kalẹ̀ nìkan) ń tó 200. Àwọn èèyàn rò pé bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe dáa tó, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Èyí tó ń wọlé púpọ̀ máa ń wúwo, ó ń jẹ nínú agbára ẹsẹ̀ yín tẹ́ ẹ bá dìde wa pẹ́dálì, àti pé lórí ọ̀nà tí kò le, ṣe ló máa gbé gbogbo rẹ̀ mì débi pé ẹ ò ní mọ ohun tí táyà ń ṣe nílẹ̀ mọ́, ọ̀nà tó yẹ kó dùn ún gùn á kàn tẹ́ lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà táwọn tó máa ń sọ pé hardtail ló ń gun òkè jù kì í sọ. Òkè tó ní gbòǹgbò yàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá jókòó tẹ́ ẹ̀ ń wa á lọ sókè, tí táyà ẹ̀yìn hardtail bá gbá gbòǹgbò, ó máa ń ta kúrò nílẹ̀, ó sì ti yọ̀ nìyẹn, ẹ ti fẹsẹ̀ tilẹ̀ nìyẹn. Ti full suspension, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á gòkè á sọ̀, táyà á ṣì lẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀yin á ṣáà máa wa á lọ. Lórí irú òkè bẹ́ẹ̀, mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé kẹ̀kẹ́ tó wúwo ló ń gbé mi débi tí èyí tó fúyẹ́ ti máa ń já mi sílẹ̀. Torí náà kẹ́ni kẹ́ni má sọ fún yín pé ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, tìtorí sísọ̀ kalẹ̀ nìkan ni.

Èsì mi rèé o. Ká ní ẹ lè rí ẹ̀kẹta, full suspension tó ń wọlé 120 tàbí 130, òun gan-an ló bá ilẹ̀ yín mu. Tó bá jẹ́ pé méjì yẹn náà ló wà, tí owó wọn sì dọ́gba, ẹ gbé hardtail. Ìdí ni pé owó kan náà ni wọ́n fi ṣe méjèèjì, ti full suspension sì ti pín lọ sórí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, àwọn oríkèé férémù àti bearing inú wọn (ohun tó ń jẹ́ kí oríkèé máa yí), torí náà ibòmíì ni wọ́n ti máa dín in kù, ó sábà máa ń jẹ́ fọ́ọ̀kì àti bíréèkì àti táyà. Ẹ fi àwọn ohun tó wà lára méjèèjì wéra ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ máa rí i. Fọ́ọ̀kì tó dáa tó ń wọlé 120 máa gbé yín kọjá gbòǹgbò ju fọ́ọ̀kì gbàrọgùdù tó ń wọlé 150 lọ, torí èyí tí kò dáa yẹn kì í yára padà sípò, tí gbòǹgbò bá tò tẹ̀ léra wọn, fọ́ọ̀kì yẹn á máa wọlé síwájú sí i títí á fi le gbagidi lọ́wọ́ yín.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ kà tí mo bá ṣí ìwé kẹ̀kẹ́ kì í ṣe travel, ìyẹn iye mílímítà tó ń wọlé yẹn, geometry rẹ̀ ni, ìyẹn bí férémù ṣe gùn tó àti bó ṣe dà tó. Ẹ wo head angle, ìyẹn bí fọ́ọ̀kì ṣe dà síwájú tó. Tí cross-country máa ń wà ní 67 sí 69 dígírì, trail bíi 65 sí 66, enduro bíi 63 sí 64, downhill lè rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe kéré tó, ẹsẹ̀ iwájú á jìnnà síwájú, ọkàn yín á balẹ̀ lórí ibi tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ṣùgbọ́n níbi tí igi ti há tí kọ́nà sì pọ̀, ẹ máa jìjàkadì kó tó yí, tẹ́ ẹ bá sì ń rọra gun òkè, ẹsẹ̀ iwájú á máa fì sọ́tùn-ún sósì. Fún ọ̀nà tẹ́ ẹ ṣàlàyé, 65 sí 66 ti tó. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé lórí hardtail, iwájú nìkan ló ń wọlé, torí náà tẹ́ ẹ bá ti gùn ún tí fọ́ọ̀kì sì rì díẹ̀, angle yẹn á tún nàró sí i ju èyí tó wà nínú ìwé lọ, nígbà tí full suspension máa ń rì níwájú lẹ́yìn pọ̀, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Seat angle, ìyẹn bí òpó síìtì ṣe nàró tó, náà ṣe pàtàkì fún ẹni tó máa ń wa òkè, 75 sí 77 á jẹ́ kí ìdí yín wà lórí pẹ́dálì, tí iwájú ò fi ní máa gbéra nílẹ̀.

Reach, ìyẹn bí férémù ṣe gùn síwájú tó láti ibi pẹ́dálì dé ọwọ́ kẹ̀kẹ́, lẹ máa fi mú size, ẹ má fi gíga síìtì mú un. Síìtì ṣeé gbé sókè ṣeé gbé wálẹ̀, reach ò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wà láàárín size méjì, ọ̀nà tó há tó sì lọ́ kọ́lọkọ̀lọ ń fẹ́ kékeré, ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ téèyàn ti ń sáré ń fẹ́ ńlá.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí jù lórí ilẹ̀ gbòǹgbò ni gíga bottom bracket, ìyẹn ibi tí apá pẹ́dálì ti so mọ́ férémù. Tó bá rẹlẹ̀ jù, pẹ́dálì á máa gbá gbòǹgbò, kò sì sóhun tó ń yára gbé èèyàn ṣubú lórí òkè bíi kí pẹ́dálì gbá nǹkan nígbà téèyàn ń fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́. Full suspension 150 yẹn, tẹ́ ẹ bá gùn ún, ẹ̀yìn á rì tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, 45 mm nìyẹn, ó tó kí pẹ́dálì máa gbá ibi tí kì í gbá tẹ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i pé gbòǹgbò ga lóòótọ́, ẹ béèrè crank (apá tó gbé pẹ́dálì) tó gùn 165 mm tàbí 170 dípò 175. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ò tó nǹkan lójú, ẹsẹ̀ yín á mọ̀ ọ́n.

Táyà wàyí. Tówó bá ṣẹ́ kù sọ́wọ́ yín lẹ́yìn tẹ́ ẹ ra kẹ̀kẹ́, ibẹ̀ ni kó lọ, torí táyà ni bàtà kẹ̀kẹ́, ohun tó bá wà nílẹ̀ ni gbogbo nǹkan yòókù ń tẹ̀ lé. Wíìlì 29 ínǹṣì ń gun orí gbòǹgbò rọrùn ju 27.5 lọ, 27.5 sì ń yára yí ní kọ́nà, ó tún máa ń rọ àwọn tí kò ga lọ́rùn. Táyà tó fẹ̀ tó ínǹṣì 2.3 sí 2.5 dáa fún yín. Ilẹ̀ ẹrẹ̀ ń fẹ́ eyín tó ga tó jìnnà síra kí ẹrẹ̀ lè já kúrò, ilẹ̀ gbígbẹ tó le ń fẹ́ eyín kúkúrú tó sún mọ́ra, yanrìn ń fẹ́ táyà tó fẹ̀ tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ò pọ̀. Rọ́bà tó rọ̀ ni kẹ́ ẹ fi síwájú, torí iwájú tó bá yọ̀ kì í dáríjini. Ẹ yọ tíúbù kúrò, kẹ́ ẹ ṣe é ní tubeless, oògùn olómi inú rẹ̀ tó ń dí ihò á máa gbẹ láàárín oṣù díẹ̀ o, ẹ máa fi kún un. Èmi tí mo wọn 75 kílò, bíi 22 psi (ìwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà) ni mò ń fi síwájú, 25 sẹ́yìn, lórí táyà 2.4, tí mo bá sì yọ psi méjì péré kúrò mo máa ń mọ̀ lọ́wọ́. Gbòǹgbò tómi ti rin ò mọ táyà kankan o, ẹ kọjá lórí rẹ̀ ní tààrà, ẹ má fọwọ́ kan bíréèkì, ẹ má yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́.

Bíréèkì, disc tó ń lo ọ́ìlì ni o, rotor (àwo irin tí bíréèkì ń fún) 180 mm ó kéré tán, 203 níwájú fún ẹni tó wúwo tàbí tí òkè rẹ̀ gùn. Mo fẹ́ràn ìtàn kan tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1976, ní Marin County ní California, àwọn ọ̀dọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kan, bíréèkì inú hub (àárín wíìlì) ẹ̀yìn wọn á gbóná débi pé gíríìsì inú rẹ̀ á jó dànù, àfi kí wọ́n tú u kí wọ́n fi tuntun sí i, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pe òkè náà ní Repack. Nígbà tó di 1977, Joe Breeze tó wà lára wọn ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe férémù tuntun fún irú gígùn bẹ́ẹ̀. Òkè ló kọ́kọ́ wà, kẹ̀kẹ́ tó yẹ ẹ́ ló tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe tiyín.

Gíà ò nílò àròyé, 1x12 (gíà kan níwájú, méjìlá lẹ́yìn) tó ní eyín 10 sí 51 tàbí 52 lẹ́yìn á gbé yín dókè ibikíbi, tó bá ṣì ń nira ẹ fi chainring (gíà iwájú) eléyín 30 rọ́pò 32. Dropper post (òpó síìtì tó ń wálẹ̀ tó ń gòkè téèyàn bá tẹ bọ́tìnì) ò ṣeé yọ sílẹ̀, níbi téèyàn ti ń gòkè tó ń sọ̀ léraléra bíi tiyín, ó ṣe pàtàkì ju kí kẹ̀kẹ́ fúyẹ́ lọ.

Ẹ má gbàgbé ẹrẹ̀ tẹ́ ẹ mẹ́nu bà. Ẹrẹ̀ máa ń wọ inú bearing oríkèé full suspension, lọ́jọ́ kan ẹ máa gbọ́ tó ń han, ẹ máa ná owó lé e. Fọ́ọ̀kì náà ń fẹ́ ìtọ́jú, àwọn kan tó ń ṣe é ní kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní wákàtí 50, àwọn míì ní 125, àwọn tó ń gbé inú ẹrẹ̀ gbọ́dọ̀ tètè ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí wà lára ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ gbé hardtail níbi tówó ti dọ́gba.

Tó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ di síìtì mú kẹ́ ẹ gbé e sókè gbé e wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbọ́ kọ́, oríkèé ti jẹ nìyẹn, tàbí kó jẹ́ dropper ló ń mì, ẹ fọwọ́ kan férémù kẹ́ ẹ mọ èyí tó jẹ́. Ẹ fi èékánná ha òpó fọ́ọ̀kì tó ń dán yẹn látòkè délẹ̀, tó bá kọ́ èékánná, ọ́ìlì á máa jò níbẹ̀. Ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ti jó férémù pọ̀ lábẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ibẹ̀ ló sábà ń sán.

Tí wọ́n bá gbà kẹ́ ẹ gùn ún wò, ẹ má yí po lójú títì. Ẹ gbé e lọ sórí gbòǹgbò yín gan-an, ẹ kọ́kọ́ ṣe afẹ́fẹ́ fọ́ọ̀kì sí ìwọ̀n ara yín, kẹ́ ẹ wá gun ibì kan náà lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, ní jíjókòó, lọ sókè. Ẹ kọ ìwọ̀n yín àti fífẹ̀ táyà tó wà lára rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kẹ́ ẹ tó lọ, ká jọ mú iye psi tẹ́ ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀.